Ìrínisí: Bí A Ṣe Lè Múra Dáadáa Láìjẹ Gbèsè

Orí aṣọ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lóṣù yìí. Láti ìgbà tí owó náírà ti tún já wálẹ̀ gan-an ní ọdún 2023, ìdílé púpọ̀ ló ti bi wá léèrè bí àwọn yóò ṣe máa múra bí ènìyàn nígbà tí owó oúnjẹ pàápàá kò tó. Àwọn mìíràn kò béèrè o. Wọ́n kàn dẹ́kun wíwá sáàárín ẹgbẹ́ ni, nítorí aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn wọn láti ọdún tó kọjá.

Àwọn àgbà wa ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, òótọ́ sì ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbéra láti Ẹ̀júkù lọ sí Lọ́kọ́ja láti wá iṣẹ́, wọn yóò wo ara rẹ̀ kí wọ́n tó wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Bó bá ń bẹ̀rù, a kò lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ wò: ta ni nínú wọn tó mọ iye tí a ra ṣẹ́ẹ̀tì? Kọ́là ni wọ́n ń wò, bóyá ó mọ́. Bàtà ni wọ́n ń wò, àti èékánná, àti bóyá bọ́tìnnì pé. Ohun tí owó kékeré lè ṣe ni gbogbo èyí, òmíràn kò tilẹ̀ ní owó nínú rárá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ kò yẹ kó máa fi owó ra sítáàṣì. Nígbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí, ẹ má da omi tí a fún jáde lára rẹ̀ nù. Ẹ sẹ́ ẹ sínú abọ́, ẹ jẹ́ kó tòrò títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá rọra da omi orí rẹ̀ dànù. Ohun funfun tó bá kù nísàlẹ̀, sítáàṣì nìyẹn. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó, kí ẹ da omi tó ń hó lé e, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ ri aṣọ tí ẹ ti fọ̀ mọ́ bọ̀ ọ́, ẹ fún un, ẹ sá a. Kó tó gbẹ tán pátápátá ni kí ẹ lọ̀ ọ́. Aṣọ òwú ni èyí bá lára mu. Bí ẹ bá ṣe é sí àwọn aṣọ tó ń dán tí kì í ṣe òwú, kò ní mú. Áyọ́ọ̀nù eléèédú tí àwọn òbí wa lò kò béèrè iná mànàmáná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà gbọn eérú inú rẹ̀ dànù kí ó má bàa ta sí aṣọ funfun.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àpótí yín, kí ẹ tú gbogbo aṣọ inú rẹ̀ sórí ẹní. Ohun tí a sábà máa ń rí ni pé aṣọ wà, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò mọ èkejì rí. Ìró kan wà tí kò bá bùbá kankan lọ, ṣòkòtò kan wà tí ó ti ń dúró de ṣẹ́ẹ̀tì láti ọdún mẹ́ta. Bí obìnrin bá ní bùbá mẹ́ta àti ìró méjì tí àwọ̀ wọn bára mu, ìmúra mẹ́fà ló ní. Bí ọkọ rẹ̀ bá ní ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin àti ṣòkòtò méjì bẹ́ẹ̀, ìmúra mẹ́jọ ni. Nítorí náà, kí a tó ra aṣọ tuntun, ẹ jẹ́ kí a bi í pé: ta ni nínú àwọn ará ilé ni ìwọ yóò bá rìn? Aró, funfun, dúdú àti àwọ̀ ilẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni jà.

Ọ̀pọ̀ ló ń béèrè nípa òkìrìkà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó aṣọ àlòkù wọ orílẹ̀-èdè yìí, síbẹ̀ kò sí ọjà tí kò kún fún un. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé dé ní ọdún 1986, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í re ilẹ̀, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló wá ń bẹ̀rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. A kò ní bá opó tó ra kóòtù fún ọmọ rẹ̀ lórí àtẹ jà. Bí ẹ bá ń rà á, ẹ gbé e sókè sí oòrùn kí ẹ lè rí ihò inú rẹ̀. Ẹ wo abẹ́ apá, ẹ wo ẹ̀yìn kọ́là, ẹ fa síìpù rẹ̀ lọ fà á bọ̀. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ bí aṣọ náà bá gbà á, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ tinú tẹ̀yìn kó tó kan ara. Paríparí rẹ̀, ẹ gbé e tọ télọ̀ lọ. Owó díẹ̀ tí télọ̀ yóò gbà láti fún un nílẹ̀kẹ̀ ìdí kí ó sì gé apá rẹ̀ kúrú ni yóò sọ ọ́ di tiyín.

Ẹ má rò pé ọgbọ́n àlòkù jẹ́ ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa. Àwọn ìyá wa ní Bùnú, lẹ́bàá Kàbbà, ni wọ́n ń hun aṣọ lórí òfì ìdúró, òwú tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ran ni wọ́n sì fi ń hun ún. Nígbà tí wọ́n fẹ́ òwú pupa fún aṣọ ìpò, èyí tí wọ́n ń lò nígbà ìsìnkú àwọn ènìyàn ńlá, wọ́n a tú aṣọ pupa tó wá láti òkè òkun ní fọ́nrán-fọ́nrán, wọ́n a sì fi hun tiwọn. Elisha Renne, obìnrin oníwádìí ará Amẹ́ríkà tó gbé láàárín wọn, kọ ìwé kan lórí aṣọ Bùnú, tí ó jáde ní ọdún 1995. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ máa ń ti ọwọ́ ìyá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ ni. Bí ìyá àgbà bá fi aṣọ òfì sílẹ̀ nílé yín tí ìdọ̀tí àti kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀, ẹ má fi nu ilẹ̀. Fìlà méjì tàbí ìborùn kan lè jáde lára ibi tó kù, kò sì sí ẹni tí yóò ní irú rẹ̀ nínú àwùjọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn wá jù ni aṣọ ẹbí. A ti rí ilé tí wọ́n ti fi owó ilé ìwé ọmọ san owó léèsì ìgbéyàwó ọjọ́ kan. A ti rí ẹni tó ta kajú rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lórí igi, ní iye tí oníṣòwò bá sọ, nítorí kí ó má bàa dá yàtọ̀ nínú fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Aṣọ tí a rà tí a sì rán ní ₦60,000, tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ₦30,000 ni ìwọ̀sí kan. Àǹkárá tí a rà tí a sì rán ní ₦20,000, tí a wọ̀ ní ogójì ìgbà, ₦500 ni. Èwo nínú méjèèjì ló wọ́n? Àwọn tọkọtaya mélòó kan tí a bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣègbéyàwó ti gbà láti dá àwọ̀ dípò aṣọ. Wọ́n ní kí oníkálukú wọ ohunkóhun tó bá ní tó jẹ́ aró, kí àwọn obìnrin sì so gèlè funfun. Àǹkárá aró wà níbẹ̀, àdìrẹ wà, bùbá àtijọ́ wà, fọ́tò náà sì dára. Àwọn ẹbí kan kọ́kọ́ bínú, pàápàá àwọn tó ti ń retí èrè orí aṣọ náà.

Ẹ ó rántí Dọ́káàsì nínú Ìṣe 9. Aṣọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ni àwọn opó kó jáde láti fi han Pétérù. Obìnrin tó mọ abẹ́rẹ́ lò nínú ìjọ lè gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ ìtìjú, bí àwa náà kò bá jẹ owó iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan sì máa ń fi ohun tí Pétérù kọ nípa ọ̀ṣọ́ ara ṣe àwíjàre fún aṣọ tí kò rí omi. Àpọ́sítélì náà kò dárúkọ ìdọ̀tí níbẹ̀.

Ní ti bàtà, dúdú kan tó bọ́ sí ẹsẹ̀ dáadáa tó fún ọkùnrin. Ẹ tètè gbé e fún aṣebàtà kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó lu, ẹ má sì fi sínú oòrùn kí awọ rẹ̀ má bàa sán. Àdìrẹ àti àǹkárá pẹ̀lú, inú rẹ̀ ni kí ẹ yí síta kí ẹ tó sá a, lábẹ́ òjìji. Ẹ fọ àdìrẹ aláró lọ́tọ̀, nítorí yóò ṣí.

Lóṣù tó ń bọ̀, bí Olúwa bá fẹ́, a ó sọ̀rọ̀ lórí aṣọ àwọn ọmọ tó ń dàgbà kíákíá, àti bí a ṣe lè fi àyè sílẹ̀ nínú ìsẹ́tí aṣọ ilé ìwé kí ó lè lo ọdún méjì.