Wáyà Kan Ló Kù: Ẹ Jẹ́ Ká Yé Sáré Tẹ̀lé Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Server

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá, a ò sì ní í bò ó mọ́lẹ̀.

Ní sáà tó kọjá, ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ò ní epo. UPS tó wà ní yàrá server gbìyànjú títí ó fi kú. Nígbà tó di nǹkan bí aago kan òru, iná dé. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, gílóòbù tàn, fíríìjì ìyá tó ń ta omi tútù lẹ́nu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Server ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa nìkan ni kò jí. Orí rẹ̀ sì ni pírójẹ́ẹ̀tì wa wà: kóòdù, dátà tí a fi oṣù mẹ́ta kó jọ, àti èsì tí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ wa fẹ́ rí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà, ó sì ti lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ní Òṣogbo. A pè é. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ṣe sùúrù, ọjọ́ Àìkú ni mò ń bọ̀." Ẹ̀gbọ́n ò ṣẹ̀ wá, ta ni yóò ní kí èèyàn fi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀rọ? Ó dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ṣílẹ̀kùn, ó fi ìka kan tẹ bọ́tìnnì. Server dìde. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ṣòfò, nítorí ìka kan.

Ìyẹn kọ́ ló bí wa nínú jù. Nígbà tí a yí sẹ́yìn ẹ̀rọ náà, a rí ihò wáyà kan tó dá dúró lọ́tọ̀ sí àwọn tó kù. Eruku ti kún inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi wáyà sí i rí láti ọjọ́ tí àwọn tó ti jáde ti bá wa dáwó ra ẹ̀rọ náà. Bẹ́ẹ̀, ihò yẹn gan-an ni wọ́n ṣe síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá kọ́kọ́rọ́ kiri lóru.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ server, kọ̀ǹpútà kékeré kan wà tó dá dúró fúnra rẹ̀. BMC lorúkọ rẹ̀. Dell ń pe tiẹ̀ ní iDRAC, HPE ń pe tiẹ̀ ní iLO. Ó ní ọpọlọ tirẹ̀, ó ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ lórí nẹ́tíwọọ̀kì. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti ń wọ inú ẹ̀rọ, kódà kí server fúnra rẹ̀ wà ní pípa, BMC wà lójúfò. Bí ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé ló rí: onílé lè sùn, ọdẹ kì í sùn.

Èdè tí a fi ń bá ọdẹ yìí sọ̀rọ̀ ni IPMI. Intel, Dell, Hewlett-Packard àti NEC ló gbé e jáde ní 1998, ẹ̀dà 2.0 jáde ní 2004. Irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sọ èdè náà láti ojú terminal ni ipmitool, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo ohun tí à bá ti tẹ̀ lóru ọjọ́ náà láti orí bẹ́ẹ̀dì wa:

ipmitool -I lanplus -H 10.0.50.11 -U akeko -f asiri.txt -L OPERATOR chassis power on

Ìlà kan ṣoṣo. Kò sí Òṣogbo níbẹ̀.

Òótọ́ tó tún korò jùyẹn lọ ni pé kò tiẹ̀ yẹ kí ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun lóru náà. Server ní ètò kan tó ń sọ ohun tó máa ṣe bí iná bá lọ tó sì padà dé. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí. Always-off ni kó máa sùn lọ títí ẹnì kan á fi jí i. Previous ni kó padà sí ipò tó wà kí iná tó lọ. Always-on ni kó máa dìde ní gbogbo ìgbà. Èwo ni tiwa wà? Always-off! Ní ilẹ̀ tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bó ṣe wù ú, ta ló fi server sórí always-off? Ẹni tó bá ní agbára root lórí Linux lè tún un ṣe láti inú server fúnra rẹ̀, láìfi wáyà sí ihò kankan:

ipmitool chassis policy always-on

Kò gba ìṣẹ́jú kan. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà dé, kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́, nítorí kò sẹ́ni tí wọ́n kọ́.

A ò dúró níbẹ̀. A tẹ `ipmitool sel elist`, èyí tó ń ka ìwé ìrántí BMC jáde. Gbogbo ìgbà tí iná já mọ́ ẹ̀rọ náà nínú wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn ọ̀sán tí wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù tí ooru sì kọjá ààlà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ìlà mìíràn ń sọ pé ọdún 1970 la wà, torí kò sẹ́ni tó tún aago BMC ṣe rí. Gbogbo ìgbà tí àwọn èèyàn ń sọ pé "server ń ṣe wèrè", ẹ̀rọ náà ti ń kọ àìsàn rẹ̀ sílẹ̀. Àwa la ò kà á.

A ti gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ. Ìdáhùn mẹ́rin la gbọ́, a ó sì dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan ní ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù BMC ti tó, pé kí la fẹ́ fi terminal ṣe. Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá já fáfá, a ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò pẹ̀lú dátà fóònù tó ń fà bí ìgbín. Ojú ìwé náà á máa kó ẹrù wá. Àṣẹ ipmitool kò ju pákẹ́ẹ̀tì kéékèèké lọ. Àwọn BMC àtijọ́, irú èyí tó wà nínú àwọn server tòkunbọ̀ tí à ń rà, ń béèrè Java kí wọ́n tó fi ojú server hàn yín, àwọn browser òde òní sì ti kọ irú Java bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Lórí iLO àti iDRAC, owó láísẹ́ǹsì wà lọ́tọ̀ kí ẹ tó lè rí ojú server ní kíkún láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n `sol activate` wà nínú IPMI 2.0 fúnra rẹ̀: bí wọ́n bá ti ṣètò rẹ̀ sílẹ̀ nínú BIOS àti Linux, ó máa gbé ojú server wá bá yín gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, láìsí àwòrán. Paríparí rẹ̀, bí ẹ bá ní server ogún, tí ẹ fẹ́ mọ èyí tó ń gbóná, ṣé ojú ìwé ogún lẹ máa ṣí? Lójú terminal, ìlà mẹ́ta nínú script ti parí iṣẹ́.

Àwọn kejì ní ewu ni. Àwọn yìí la bọ̀wọ̀ fún jù, torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní 2013, Dan Farmer fi han ayé pé àbùkù wà nínú bí IPMI 2.0 ṣe ń dá èèyàn mọ̀. Ẹni tó bá mọ orúkọ aṣàmúlò kan ṣoṣo lè ní kí BMC fún òun ní àmì tí wọ́n ṣírò láti inú password, kó gbé e lọ sílé, kó sì máa fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ méfò títí yóò fi bá a. Inú òfin IPMI gan-an ni àbùkù náà wà, kì í ṣe nínú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ní July ọdún náà, US-CERT ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún gbogbo ayé. Ní 2017, àbùkù mìíràn jáde nínú iLO 4: ẹni tó bá fi lẹ́tà A mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ránṣẹ́ síbi kan nínú ìbéèrè rẹ̀ lè wọlé láìní password rárá. HPE ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò sẹ́ni tó fún ní ẹ̀dà tuntun ṣì wà bó ṣe wà.

A gbà. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ihò òfìfo ni ààbò, ẹ gbọ́ èyí: lórí ọ̀pọ̀ server Supermicro, bí BMC kò bá rí wáyà nínú ihò tirẹ̀, ihò nẹ́tíwọọ̀kì tí server fúnra rẹ̀ ń lò ló máa gbà kọjá. Ìyẹn ni pé ọdẹ yín lè ti wà lójú títì fún ọdún mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, pẹ̀lú password tó bá dé láti ilé iṣẹ́. Lórí àwọn Dell àtijọ́, root ni orúkọ, calvin ni password, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri tiwa ti lanu. Àìmọ̀ wa ló ń fẹ̀ ẹ́ sí i.

Oògùn rẹ̀ ò ṣòro. Ẹ fi wáyà sí ihò BMC, kí ẹ sì so ó mọ́ nẹ́tíwọọ̀kì tó dá dúró, tí kò kan íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba VPN kọjá. Ẹ yí password padà, kó gùn dé lẹ́tà ogún tí IPMI 2.0 gbà, kí méméfò lè rẹ ẹni tó ń méfò. Ẹ má sì ṣe kọ password náà sójú àṣẹ pẹ̀lú -P, torí inú ìtàn terminal ló máa wà títí. Inú fáìlì tí ẹ̀yin nìkan lè kà ni kó wà.

Àwọn kẹta ní akẹ́kọ̀ọ́ á ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, àwọn tó ṣe IPMI ti ro ìyẹn ṣáájú yín. Ìpele wà nínú rẹ̀. Ẹni tó wà ní ìpele USER lè wo ooru, fáànù àti ìwé ìrántí. Kò lè pa server. OPERATOR lè tàn án, ó lè pa á, ṣùgbọ́n kò lè yí password ẹnikẹ́ni padà. ADMINISTRATOR nìkan ló lè ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ fún àwa ní USER, ẹ fún àwọn ọ̀gá láàbù ní OPERATOR. Òótọ́ ni pé àṣìṣe ṣeé ṣe. `power soft` ń bẹ Linux pé kó kó ẹrù rẹ̀ jọ kó tó sùn. `Power off` ń gba iná lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, bóyá ó ń kọ nǹkan lọ́wọ́ tàbí kò kọ. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ wọn lè ba dátà jẹ́. Ṣùgbọ́n ibo ni ẹ fẹ́ ká ti kọ́ ìyàtọ̀ náà, bí kò bá ṣe ní ilé ẹ̀kọ́?

Àwọn kẹrin ní ayé ti lọ sí cloud. Orí kí ni cloud náà wà? Orí server tó ní BMC ni, níbi tí ẹnì kan ti ń tẹ irú àṣẹ yìí láìwọ yàrá kankan. Dọ́là la sábà máa ń fi san owó rẹ̀, a sì ń rí ohun tí dọ́là ń fojú náírà rí. Ẹ jẹ́ ká kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú èyí tó jẹ́ tiwa ná.

A ò ní kí ẹ fẹ́ ipmitool bí ìyàwó. Ní 2015, DMTF gbé Redfish jáde, tó ń gba HTTPS kọjá tó sì ń fi JSON dáhùn. Àwọn tó dá IPMI sílẹ̀ fúnra wọn ti ní àwọn ò ní ṣe ẹ̀dà tuntun mọ́, wọ́n sì ń tọ́ka sí Redfish. Ẹ̀rọ tuntun á dá yín lóhùn pẹ̀lú curl lásán:

curl -u akeko https://10.0.50.11/redfish/v1/Systems

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí, IPMI ni púpọ̀ nínú wọn gbọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́ méjèèjì.

Nítorí náà, ohun tí à ń béèrè nìyí:

1. Kí wọ́n fi wáyà sí ihò BMC gbogbo server tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa, lórí nẹ́tíwọọ̀kì tirẹ̀, kí sáà yìí tó parí.
2. Kí wọ́n yí gbogbo password tó bá ẹ̀rọ dé padà, kí wọ́n sì fún BMC ní ẹ̀dà tuntun.
3. Kí wọ́n tún ètò iná server kọ̀ọ̀kan ṣe, kó lè máa dìde fúnra rẹ̀.
4. Kí èèyàn mẹ́ta, ó kéré tán, ní agbára OPERATOR, kí ẹnì kan lè lọ síbi ìgbéyàwó ní àlàáfíà.
5. Kí wọ́n fi èyí kún iṣẹ́ láàbù wa, kí a fi ọwọ́ ara wa tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ti jáde, ẹ̀yin lẹ dáwó ra server náà. Nígbà míì tí ẹ bá fẹ́ ta wá lọ́rẹ, ẹ má béèrè iye ẹ̀rọ tí a nílò nìkan. Ẹ béèrè pé: BMC rẹ̀ ńkọ́, ta ló mọ̀ ọ́n lò? Púpọ̀ nínú yín ló ń ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́ níbi tí ẹ wà. Wákàtí méjì yín pẹ̀lú wa lórí fídíò yóò ṣe wá láǹfààní ju ẹ̀rọ tuntun kan lọ.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀nà tó wọ yàrá server wa.