Ó Tó Gẹ́: Ilé Wo Ló Kàn?

Nígbà tí Kwara pariwo "Ó tó gẹ́" ní 2019, ilé Saraki ni wọ́n ń lé. Olúṣọlá, bàbá, ti wọ ilé aṣòfin àgbà ní 1979. Bùkọ́lá ọmọ rẹ̀ ṣe gómìnà láti 2003 sí 2011. Ti 2011 yẹn ló ń bí mi nínú jù: bàbá fa Gbémisọ́lá kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa ẹlòmíràn, ìdìbò odidi ìpínlẹ̀ wá di ẹjọ́ ìdílé kan.

Ta wá ló wọlé ní 2019? AbdulRahman AbdulRazaq, ọmọ agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ ní Àríwá Nàìjíríà. Mi ò ní kí ọmọ ẹni ńlá má díje o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, ta nínú wa ló lè ra fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́?