Ta Ni Yóò Kọ Ètò Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún Àwọn Ọmọ Wa?

Bí a ti ń péjọ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa kò lè gbé mì. Ní ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tó kọjá, a jíròrò lórí ohun tí a ó fi owó tí a dá ṣe. Àwọn kan ní kí a kọ́ géètì tuntun. Àwọn mìíràn, tí ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ wá létí ju ti géètì lọ, ní kí a ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ètò ẹ̀kọ́ tí ẹlòmíràn ti kọ tán máa bá wọn lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n sì máa kà á fún àwọn ọmọ. Èrò rere ni. Síbẹ̀, àwa kò fara mọ́ ọn, ó sì yẹ kí a sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin ará wa àti ẹ̀yin òbí.

Láàárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí àwa wà ní kíláàsì kejì, a ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tí kì í wọ kíláàsì láìmú ìwé ńlá kan lọ́wọ́. Ìwé náà ni àwọn olùkọ́ ń pè ní lẹ́sìn nóòtù. Ní ojú ewé apá òsì ni ó ń kọ ohun tí ó fẹ́ kọ́ wa sí. Ojú ewé apá ọ̀tún, òfìfo ni ó máa ń wà títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Ní ọjọ́ kan, ó rán wa lọ gbé ìwé náà wá, a sì ṣe ohun tí kò yẹ kí ọmọ ṣe: a ṣí i wò. Ohun tí a rí ní apá ọ̀tún ni pé ẹ̀kọ́ àná kò yé wa, pé òun ló yára jù, àti pé òun yóò tún un kọ́. Títí di òní, a kò tí ì rí ẹ̀rí ìwà ìrẹ̀lẹ̀ tó ju èyí lọ láàárín àwọn olùkọ́.

Ohun tí kò yé wa ni pé 'he' yàtọ̀ sí 'she'. Ọ̀kan nínú wa ti kọ àròkọ nípa ìyá rẹ̀, 'he' ni ó sì ń pe ìyá náà láti òkè dé ilẹ̀. Olùkọ́ wa kò fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ó bi wá léèrè ọ̀rọ̀ tí a máa ń lò nílé fún bàbá, fún ìyá àti fún ewúrẹ́. A rí i pé bí a bá mú ti ọ̀wọ̀ kúrò, 'ó' kan náà ni. Ó wá ní, "Ṣé ẹ rí i? Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè ohun tí Yorùbá kì í béèrè." Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé àṣìṣe wa kì í ṣe ti òpè, pé ó ní ibi tí ó ti wá.

Irú rẹ̀ pọ̀. Ọmọ tí a kọ́ láti bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀ yóò sọ pé, "My father, they are coming," nítorí pé 'wọ́n' ni ilé kọ́ ọ láti máa lò fún àgbà. Ẹni tí ń sọ pé òun 'hear' òórùn ọbẹ̀, gbígbọ́ ni àwa Yorùbá ń gbọ́ òórùn. Ẹni tí ó kọ 'two book', ìwé méjì ni ó ní lọ́kàn, 'ìwé' kò sì yí padà nítorí pé ó di méjì. Olùkọ́ tí ó bá mọ èyí yóò ti mọ ibi tí ọmọ yóò ti kọsẹ̀ kí ó tó kọsẹ̀, yóò sì kọ ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí ibẹ̀ gan-an.

Ṣùgbọ́n Ìlọrin ni a wà. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo, ọmọ Yorùbá lè jókòó ti ọmọ Fúlàní, kí ọmọ Núpé àti ọmọ Bàrùbá wà lẹ́yìn wọn. Ọmọ tí ń sọ èdè Haúsá nílé kì í sábà ní ìṣòro 'he' àti 'she', nítorí èdè tirẹ̀ náà ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Ta ni yóò sọ èyí fún ẹ̀rọ tí a ti kọ ohun inú rẹ̀ tán kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa?

Ẹ má ṣe rò pé a ń tàbùkù ètò tí a kọ sílẹ̀ fún olùkọ́. Ìpínlẹ̀ Kwárà mọ ìdí tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀. Ní ọdún 2008, nígbà tí ìjọba dán àwọn olùkọ́ tó lé ní 19,000 wò lórí iṣẹ́ kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 75 péré ni ìròyìn sọ pé ó yege. Ìtìjú náà kan gbogbo wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ètò ESSPIN, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi owó ṣe ìrànwọ́ fún, bá ìpínlẹ̀ wa kọ ètò ẹ̀kọ́ kíkà àti ìṣirò fún àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2022 ni ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ KwaraLEARN, tí ó fi tábúlẹ́ẹ̀tì lé olùkọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí kò tí ì lè dá rìn nílò ọ̀pá, a kò sì gbọ́dọ̀ gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ girama wa kọ́, ní tiwọn, nílò ọ̀pá. Wọ́n gboyè nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àkókò ni wọn kò ní. Bí olùkọ́ kan bá ní kíláàsì márùn-ún, tí ọmọ 50 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròkọ 250 ni yóò gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá lo ìṣẹ́jú 5 péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 21. Ìgbà wo ni yóò wá jókòó ronú lórí ohun tí ó rí nínú wọn? Àbájáde rẹ̀ ni ohun tí a fi ojú wa rí láìpẹ́ yìí ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Olùkọ́ ti da ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kọ láti inú ti ọdún tó kọjá, ó sì ti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹ̀kọ́ náà yé àwọn ọmọ dáadáa. Ọjọ́ Ẹtì ni a kà á. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀kọ́ náà yóò wáyé.

A kò lè dá a lẹ́jọ́ jù, nítorí pé àwa oníwàásù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní sẹ́mínárì, wọ́n kìlọ̀ fún wa nípa ìwàásù àyálò, èyí tí ẹlòmíràn kọ fún ìjọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè jẹ́ òtítọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó má sì bá ẹnikẹ́ni nílé. Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní Áténì: ó kọ́kọ́ rìn káàkiri ìlú, ó wo ohun tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń bọ, pẹpẹ tiwọn ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí náà ní ipa tiyín. Àwọn kan nínú yín ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n máa bu owó ìtanràn lé ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6, tí olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ náà dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3. Ọmọ tí ẹ̀rù owó ìtanràn ti pa lẹ́nu mọ́ kò ní ṣe àṣìṣe tí olùkọ́ lè fi ṣiṣẹ́.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí a fi owó àjọ̀dún yìí gba olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì méjì sí i fún ọdún mẹ́ta, kí kíláàsì tí ó wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan lè dín kù. Kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, tí gbogbo olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò fi jókòó pọ̀, tàwọn ti àròkọ àwọn ọmọ lọ́wọ́, láti kọ ètò ọ̀sẹ̀ tó kàn láti inú ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn náà, a kò ní ṣe àtakò.

Ìpàdé wa tó ń bọ̀ ni a ó ti gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Owó náà ṣì wà ní báńkì. Géètì àtijọ́, láti ìgbà tí àwa ti ń sá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ṣì ń ṣí, ó sì ń tì.