Ẹ má jẹ́ kí Màmá jókòó sínú òkùnkùn nítorí laser

Mo mọ̀ pé thesis ló yẹ kí n máa kọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wọ bọ́ọ̀sì ní Heathway lọ́jọ́ Sátidé sọ fún mi pé àwọn ń dá àjọ. Màmá wọn ní Ìbàdàn ní cataract lójú méjèèjì, wọ́n sì fẹ́ kó jẹ́ laser ni wọ́n máa fi ṣe é, torí "ti abẹ ti di ayé àtijọ́." Owó ò tíì pé. Ó lè di ọdún tó ń bọ̀. Màmá ò lè dá rìn dé ẹnu ọ̀nà mọ́, aládùúgbò kan sì ti ń sọ̀rọ̀ bàbá kan tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣí ojú.

Ẹ má pè mí ní dókítà o! PhD ni mò ń ṣe, kò sì tíì parí. Ìṣirò ni tèmi, kì í ṣe ojú. Ṣùgbọ́n mo lè ka ìwádìí.

Cataract ni pé lẹ́ńsì inú ojú ṣú, bíi dígí mọ́tò lásìkò ọyẹ́. Nínú iṣẹ́ abẹ tó wọ́pọ̀ jù níbí, èyí tí Charles Kelman bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1967, dókítà á la ojú níwọ̀nba, á fi ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n rìrì fọ́ lẹ́ńsì náà sí wẹ́wẹ́, á fà á jáde, á wá fi tuntun síbẹ̀. Laser wá ńkọ́? Ó ń bá dókítà la ojú, ó ń gé àpò lẹ́ńsì yíká, ó sì ń gé lẹ́ńsì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn náà ló máa fà á jáde. Laser kì í jó cataract dànù.

Ní UK níbí, wọ́n pín èèyàn 785 sí ọ̀nà méjèèjì nínú ìwádìí FACT, èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí àwọn ti laser ṣe ń ríran ni àwọn yòókù náà ṣe ń ríran. Owó laser ló kàn pọ̀ jù. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Faransé, ibì kan náà ni wọ́n dé. Kódà ní 2017, NICE sọ pé kí NHS má lo laser fún cataract àfi nínú ìwádìí. Ṣé ojú àwọn tó wà níbí ò níyì ni?

Mi ò sọ pé laser ò dáa. Ó ń gé nǹkan rẹ́gí, ẹni tí owó ẹ̀ bá ṣẹ́ kù, kó ṣe é. Àmọ́ kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn fọ́jú dè.

Torí ìdádúró léwu. Nígbà tí wọ́n yẹ ojú wò káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, cataract ló ń fọ́ ojú àwọn àgbà jù. Nínú ojú tí wọ́n ti tọ́jú torí ẹ̀, ó lé ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ti lẹ́ńsì náà sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fọ́.

Nítorí náà, ẹ má bèèrè pé "ṣé ẹ ní laser?" Ẹ bèèrè pé: èèyàn mélòó ni dókítà yìí ń ṣe lọ́dún? Ṣé wọ́n á wọn ojú kí wọ́n tó yan lẹ́ńsì? Ṣé wọ́n ti yẹ glaucoma wò? Ta ló máa tọ́jú Màmá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ?

Ojú lọba ara. Mo sọ gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n kí a tó dé Barking. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Tó bá jẹ́ ti abẹ, owó ojú kan ti wà nílẹ̀ o."

Mo ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ojú kan yẹn lóṣù yìí.