Ọkọ̀ Háyà ní Erékùṣù Kípírù

Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ènìyàn háyà nígbà ìsinmi kò yàtọ̀ sí àga tí a ń háyà ní etí òkun: a san owó, a lò ó tẹ́ ara wa lọ́rùn, a sì dá a padà fún olówó rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àga kì í pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí ó háyà ọkọ̀ ní ìlú onílùú ti gba ohun tí ó lágbára púpọ̀ sí ọwọ́, ní ojú ọ̀nà tí kò rìn rí, lábẹ́ òfin tí kì í ṣe ti ilé rẹ̀, ní àkókò tí ọkàn rẹ̀ wà lórí ìgbádùn. Ní tèmi, ẹni tí ó bá di sítíárì mú kò tíì sí nínú ìsinmi, ohun yòówù tí ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ ìbáà wí.

Ẹ jẹ́ kí a fi erékùṣù Kípírù ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn tí ó ń ka Bíbélì mọ orúkọ náà: ọmọ ibẹ̀ ni Bánábà, ibẹ̀ ni òun àti Pọ́ọ̀lù sì kọ́kọ́ yà sí nígbà tí wọ́n jáde kúrò ní Áńtíókù láti lọ wàásù. Cyprus ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn Òkun Mẹditaréníà, ní gúúsù ilẹ̀ Tọ́kì, ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà onígun mẹ́rin 9,251. Nínú gbogbo erékùṣù òkun náà, Sísílì àti Sàdíníà nìkan ni ó tóbi jù ú lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba àkóso rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Tọ́kì ní ọdún 1878, ó sì gba òmìnira ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, nǹkan bí oṣù kan ààbọ̀ ṣáájú Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni àwọn àlejò láti ilẹ̀ Yúróòpù ti ń rọ́ lọ sí ibẹ̀ lọ́dọọdún láti yá oòrùn àti láti lúwẹ̀ẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ń háyà ọkọ̀ kí wọ́n tó kúrò ní pápákọ̀ òfurufú.

Ó ha yẹ kí àlejò háyà ọkọ̀ rárá bí? Àwọn olówó-ìṣọ́ yóò sọ pé kò yẹ, pé kí ó wọ bọ́ọ̀sì. Bí ó bá jẹ́ pé láti ìlú ńlá kan dé èkejì ni ó ń lọ, òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí bọ́ọ̀sì ń lọ ó ń bọ̀ láàrin Nikosíà, Límásólì, Lánákà àti Páfò, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dára jù ní erékùṣù náà kò sí ní ìlú ńlá. Ọkọ̀ ojú irin ìjọba ti wà ní ibẹ̀ rí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1905, ṣùgbọ́n wọ́n pa á tì ní òpin ọdún 1951, kò sì sí òmíràn tí ó rọ́pò rẹ̀. Ní ìletò orí òkè, bọ́ọ̀sì lè wá ní òwúrọ̀ kí ó má tún padà wá mọ́ títí di ọjọ́ kejì.

Orí òkè Tróódósì sì ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ wà, àwọn ilé kékeré alápáta tí a fi pákó ṣe òrùlé wọn ní ṣóńṣó, tí ó jẹ́ pé bí o bá rí wọn láti òde, o lè rò pé àká ni. Wọ inú wọn, ìwọ yóò rí i pé láti ilẹ̀ dé àjà ni wọ́n fi àwòrán ìtàn Bíbélì kùn, àwọ̀ wọn kò sì tíì ṣá láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún wá. UNESCO ti kọ mẹ́wàá nínú wọn sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá aráyé, mẹ́sàn-án ní ọdún 1985, ìkẹwàá ní ọdún 2001. Ní apá ìwọ̀-oòrùn àwọn òkè náà ni ìletò tí wọ́n ti bí Makarios ní ọdún 1913 wà, ọmọ darandaran tí ó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà, tí ó sì di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Kípírù. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ ní ìkáwọ́ rẹ̀ kì í sábà dé irú ibẹ̀. Nítorí èyí, èmi wà lẹ́yìn ẹni tí ó bá háyà ọkọ̀. Ìwà rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti gba kọ́kọ́rọ́ ni mo ń bá jà.

Ohun kìn-ín-ní tí yóò dojú kọ ọ́ ni ọwọ́ òsì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àṣà ọwọ́ òsì sílẹ̀ fún Kípírù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi í sílẹ̀ fún Nàìjíríà. Àwa ti yí tiwa padà ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún kí a lè bá àwọn aládùúgbò wa dọ́gba. Ẹ lè bi àwọn bàbá yín àgbà léèrè bí ọjọ́ náà ti rí. Kípírù jẹ́ erékùṣù, kò ní aládùúgbò tí ọ̀nà rẹ̀ yóò bá tirẹ̀ pàdé, nítorí náà ó dúró sí ọwọ́ òsì títí di òní. Ẹni tí ó bá ti Lọ́ńdọ̀nù wá kò ní ìṣòro kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn, Kútọnu, Jámánì tàbí Fáránsé wá yóò bá sítíárì ní apá ọ̀tún ọkọ̀, jíà ní ọwọ́ òsì rẹ̀, àti gbogbo ayé ní òdì kejì ibi tí ó fi wọ́n sí.

Àwọn ènìyàn rò pé nígbà tí ọkọ̀ bá pọ̀ lójú ọ̀nà ni ìjàǹbá èyí ń ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá pọ̀, àlejò yóò tẹ̀ lé ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ bí àgùntàn ti ń tẹ̀ lé ara wọn, kò sì ní ṣìnà. Ìgbà tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ni òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí ẹ̀rù ti kúrò lára rẹ̀, tí ó yà ra epo ní ilé epo kan, tí ó sì tún jáde sí ojú ọ̀nà tí ó dá wáí. Kò sí ẹni tí yóò tẹ̀ lé. Ọwọ́ rẹ̀, tí ó ti ṣe ohun kan náà fún ogún ọdún ní ilé, yóò darí ọkọ̀ lọ sí apá ọ̀tún láìbi orí léèrè. Yóò máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò máa kọrin, títí yóò fi dé kọ́nà tí ẹlòmíràn ti ń bọ̀. Àwọn àgbà sọ pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní ojú ọ̀nà Kípírù, ohun tí ojú rẹ̀ ti mọ̀ rí ni kì í jẹ́ kí ó ríran.

Èyí kò mọ sí ọ̀dọ̀ awakọ̀ nìkan. Àlejò tí ń fi ẹsẹ̀ rìn yóò wo òsì kí ó tó kọjá, nígbà tí ó jẹ́ pé láti ọ̀tún ni ọkọ̀ ti ń bọ̀ wá bá a. Ní ráńdàbáòtù, a máa ń yí gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ aago ti ń yí, a sì máa ń dúró de ẹni tí ó bá ti ọwọ́ ọ̀tún wá. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹni tí ó bá jókòó ti awakọ̀ ní iṣẹ́ kan ṣoṣo: ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ó fẹ́ gbéra, kí ó pe “Òsì!” sókè kedere. Àwọn kan yóò fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ní ti eré, òfin wọn kò le yé ni. Kìlómítà 100 ní wákàtí kan ni òpin rẹ̀ ní òpópónà márosẹ̀, 80 ní ọ̀nà ìgbèríko, àti 50 láàrin ìlú, àfi ibi tí àmì bá sọ ohun mìíràn. Ní òpópónà márosẹ̀, ẹni tí kò bá lè sá tó 65 kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ rárá. Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán àwọn asáré-àsápajúdé ti wà lẹ́bàá ọ̀nà. Kí àlejò má ṣe rò pé òun yóò ti fi ìlú sílẹ̀ kí ìwé ìtanràn tó dé, nítorí olówó ọkọ̀ ni ìwé náà yóò bá, olówó ọkọ̀ sì ní orúkọ rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ lọ́wọ́.

Orí òkè ni òfin mìíràn wà tí ìjọba kò kọ. Orí Olympus, tí ó ga jù nínú àwọn òkè Tróódósì, ga ní mítà 1,952, òjò dídì sì máa ń bò ó ní ìgbà òtútù. Ọ̀nà tí ó gun ibẹ̀ ń lọ́ bí ejò, ó ń yí padà sí ara rẹ̀, ibi kan sì wà tí ọkọ̀ méjì kò lè gba ara wọn kọjá láìjẹ́ pé ọ̀kan fà sẹ́yìn. Ìletò ni ọ̀nà náà ń gbà kọjá, láàrin ilé àti ilé. Ìyá arúgbó tí ó gbé àga rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kò wá wo àlejò. Ilé rẹ̀ ni ó wà. Ẹni tí ó bá ń fọn fèrè sí i kí ó tètè kúrò lọ́nà kò mọ ẹni tí ó ni ọ̀nà. Bí a bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, jíà kékeré ni kí a fi mú ọkọ̀, kí a má ṣe tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbóná tí kò ní mú mọ́. Abúlé tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì Kumandária wà ní ẹsẹ̀ òkè wọ̀nyí pẹ̀lú, àwọn ará ibẹ̀ kò sì ní ahun. Ẹni tí yóò wa ọkọ̀ kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìwé. Àwọn Yorùbá ní ẹ̀wù àyálò kì í yẹ ọmọ ènìyàn: bí kò fún un lápá, a ṣo ó lọ́rùn. Ibi tí ọkọ̀ háyà ti ń fún ènìyàn lápá ni ìwé àdéhùn, tí a tẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, tí àlejò ń fọwọ́ sí láìkà nítorí pé oorun ọkọ̀ òfurufú ṣì wà lójú rẹ̀. Wọn yóò sọ fún un pé inṣọ́ránsì wà lórí ọkọ̀ náà. Ó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye owó kan wà tí àlejò fúnra rẹ̀ yóò kọ́kọ́ san bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ kí inṣọ́ránsì tó dá sí i, wọn yóò sì ti fi ọwọ́ lé owó náà lórí káàdì báńkì rẹ̀. Nígbà púpọ̀, inṣọ́ránsì náà kì í ka táyà, gíláàsì àti abẹ́ ọkọ̀ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni ibi wọ̀nyí gan-an ni òkúta ọ̀nà ń bà jẹ́. Kí ó tó gbé ọkọ̀ kúrò, kí ó yí i ká, kí ó ya àwòrán gbogbo ibi tí ó ti họ, kí ó sì rí i pé a kọ wọ́n sínú ìwé. Kí ó béèrè bí epo ti gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ nígbà tí yóò bá dá a padà. Àìkàwé ìdajì wákàtí yìí ti gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ó kàwé ju gbogbo wa lọ.

Ìwé náà tún ní ààlà. Láti ọdún 1974 ni Kípírù ti pín sí méjì, àwọn Tọ́kì ní àríwá, àwọn Gíríìkì ní gúúsù, àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì ń ṣọ́ ilẹ̀ tí ó wà láàrin wọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà púpọ̀ tí ó lọ kàwé ní ìhà àríwá mọ ààlà náà dáadáa. Láti oṣù kẹrin ọdún 2003 ni wọ́n ti ṣí ibodè níbi mélòó kan, ṣùgbọ́n inṣọ́ránsì tí a gbà ní gúúsù kò ṣiṣẹ́ ní àríwá. Wọ́n ń ta òmíràn ní ibodè, ìbàjẹ́ tí awakọ̀ bá ṣe fún ẹlòmíràn nìkan ni ó sì ń bò, kò bo ọkọ̀ tí ó háyà. Àwọn olówó ọkọ̀ mìíràn kò tilẹ̀ gbà kí ọkọ̀ wọn kọjá rárá. Pọ́ọ̀lù àti Bánábà gúnlẹ̀ ní Sálámì, ní ìlà-oòrùn, wọ́n sì la erékùṣù náà já dé Páfò. Sálámì wà ní ìhà àríwá nísinsìnyí, Páfò wà ní gúúsù. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọkọ̀ háyà tọ ipa ẹsẹ̀ wọn lónìí, kí ó kọ́kọ́ ka ìwé rẹ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn Páfò, ní ṣóńṣó erékùṣù ní ìwọ̀-oòrùn, ni Àkámásì wà, níbi tí ọ̀dà ti parí tí ọ̀nà di iyanrìn àti òkúta. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ni ó sọ gbangba pé ọkọ̀ háyà lásán kò gbọdọ̀ wọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ àwọn àlejò ń wọ̀ ọ́, wọ́n ní owó wọn ni. Bí ó bá jẹ́ owó wọn nìkan ni, n kì bá tí ní ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n etí òkun Lárà wà níbẹ̀, níbi tí àwọn ìjàpá òkun ti ń gòkè wá lóru ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn láti gbẹ́ ihò sínú iyanrìn, kí wọ́n yé ẹyin wọn síbẹ̀, kí wọ́n sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Òfin kò gbà kí ọkọ̀ kankan gun orí iyanrìn náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò sí ohun tí ó hàn lójú. Iyanrìn tí ó tẹ́jú, tí ó funfun, tí ó dára fún táyà ni àlejò ń rí. Àwọn ẹyin náà sì wà lábẹ́ rẹ̀, nínú ooru, wọn yóò lo nǹkan bí oṣù méjì kí wọ́n tó pa.