Kàfúrà Inú Aṣọ Ìkókó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ní Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà, bí wọ́n bá ti gbé ìkókó lé mi lọ́wọ́, òórùn kàfúrà ni mo sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Láti ìgbà oyún ni àwọn ìyá àgbà ti di aṣọ ọmọ sínú àpótí, tí wọ́n sì ju kàfúrà sí i kí kòkòrò má baà dé ibẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ewu ń bẹ níbẹ̀.

Kàfúrà tí Sunna ní kí a fi sínú omi ìwẹ̀ òkú, ara igi ni ó ti wá. Òun pàápàá kì í ṣe ohun tí à ń fi sún mọ́ ìkókó. Èyí tí ó rí róbótó lọ́jà, naphthalene ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Nínú àwọn ọkùnrin ilẹ̀ wa, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni a bí pẹ̀lú àìtó èròjà ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn naphthalene símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú rẹ̀ a sì di àwọ̀ ìyeyè. Bí ó bá le, ó lè ba ọpọlọ jẹ́, ó sì lè pa ọmọ. Ta ni ó lè wo ojú ìkókó kí ó mọ èyí tí ó ní in? Ìlú ìbejì sì ni wá. Ìbejì a sì máa kéré lọ́jọ́ ìbí.

Ọ̀tapiápiá tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dichlorvos ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀, oògùn oko tí àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kéékèèké rẹ̀ ní ọdún 2019. Síbẹ̀ àwọn kan ń fọ́n ọn sí yàrá tí abiamọ ń sùn.

Ẹnìkan yóò wí pé, “Àlùfáà, ṣé kí ẹ̀fọn máa jẹ ọmọ ni?” Rárá o. Àjẹsára ibà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní Kebbi àti Bayelsa ní ọdún 2024, ọmọ tí ó ti pé oṣù márùn-ún ni wọ́n ń fún. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni ti ìkókó. Ẹ kọ́kọ́ sá èyí tí ó bá jẹ́ tuntun sí ibòòji fún ọjọ́ kan, kí ẹ wá ta á, kí ẹ sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní. Ó dùn mí pé èyí tí ìjọba pín lọ́fẹ̀ẹ́ ni àwọn kan fi ṣe ọgbà ewédú.

Bí ojú ọmọ bá ti di àwọ̀ ìyeyè, ẹ má ṣe dúró ti àgbo. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Igbó-Ọrà. Ẹni tí a lè bi léèrè kò jìnnà sí wa.