Ẹ Má Sáré Kọjá Níwájú Ẹja

Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ibì kan tó jìnnà sí wa. Orúkọ rẹ̀ ni Banyuls-sur-Mer. Ìlú kékeré ni, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, létí òkun tí wọ́n ń pè ní Mẹditaréníà. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kó ẹja inú òkun náà sí láàyè, kí ènìyàn lè máa wò wọ́n. Àwọn Faransé ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní akuáríọ̀mù. Àwa yóò pè é ní ilé ẹja.

Ẹ lè bi mí pé: “Kí ni èyí kàn wá? Ṣé kò sí ẹja ní Àjàṣẹ́ ni? Ta ni yóò san owó kí ó tó rí ẹja, nígbà tí ẹja wà lọ́jà?” Èmi náà ti bi ara mi bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, kí n sì sọ ohun tí mo rò. Bí ọ̀rọ̀ mi kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jiyàn rẹ̀ ní kíláàsì.

Èmi nìkan kọ́ ni mo lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà pẹ̀lú mi. Ó ti ta ẹja ní Àjàṣẹ́ ju ogójì ọdún lọ, ẹja tútù àti ẹja yíyan. Ìyá Ẹlẹ́ja ni gbogbo ọjà ń pè é. Ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Perpignan, ó sì ránṣẹ́ pè é pé kí ó wá sinmi ní oṣù kẹjọ. Mo tẹ̀ lé e nítorí pé kò gbọ́ Faransé púpọ̀, kò sì mọ ìwé kà rárá. Ní ọjọ́ kan a wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ náà gba Collioure àti Port-Vendres kọjá, ó sì gbé wa dé Banyuls. Òkè tí wọ́n gbin àjàrà sí wà lápá kan, òkun wà lápá kejì. Oòrùn mú gan-an. Àwọn tó wá sinmi dùbúlẹ̀ kalẹ̀ létí omi, ẹ̀yìn wọn pọ́n. Ìyá Ẹlẹ́ja wò wọ́n títí, ó ní: “Wọ́n sá ara wọn bí ẹja.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ilé ẹja náà kì í ṣe ilé eré lásán. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló ni ín. Ọ̀gbẹ́ni Henri de Lacaze-Duthiers ló dá ilé ìwádìí sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1882. Wọ́n fi orúkọ François Arago pè é, ọ̀mọ̀wé kan tó jẹ́ ọmọ agbègbè náà. Títí di òní, àwọn tó ń ṣe ìwádìí nípa ẹja, akàn àti koríko inú òkun ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí a wọlé, ohun kan kọ́kọ́ bí mi nínú. Àwọn ènìyàn ń sáré. Bàbá kan dé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ó ya àwòrán dígí kìíní, ó ya àwòrán dígí kejì, ó lọ. Àwọn ọmọ náà kígbe, “Ẹ wò ó! Ẹ wò ó!” ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wò ó. Kí ènìyàn tó bó ọsàn kan tán, wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà ìjáde. Lójú tèmi, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi owó rẹ̀ ṣòfò. Aṣọ aláwọ̀ mèremère ló rí, kò rí ẹja.

Ìyá Ẹlẹ́ja kò sáré. Níwájú dígí kìíní ló ti dúró bí ẹni tó fẹ́ ná ọjà.

Ẹran omi kan lẹ̀ mọ́ òkúta nínú dígí náà. Kò ní egungun. Apá 8 ló ní. Àwọn Faransé ń pè é ní poulpe. Bí a ti ń wò ó, àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ó sì dà bí òkúta tó lẹ̀ mọ́. Mo ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí fún Ìyá Ẹlẹ́ja: ọkàn 3 ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ní àwọ̀ aró.

“Ta ló là á wò?” Bẹ́ẹ̀ ló bi mí.

“Àwọn ọ̀mọ̀wé ni, Ìyá.”

“Ó dára. Ẹni tí kò la ẹja kò mọ ẹja. Báwo ló ṣe ń bímọ?”

Mo ṣàlàyé fún un pé abo rẹ̀ a máa so ẹyin mọ́ inú ihò òkúta, a máa fẹ́ omi sí wọn, a sì máa ṣọ́ wọn tọ̀sán-tòru. Kì í jẹun mọ́. Nígbà tí ẹyin bá pa, ó kú. Ìyá Ẹlẹ́ja kò fèsì. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́.

Lẹ́yìn náà, ó bèèrè nípa omi. Ó ní ṣé iyọ̀ inú rẹ̀ tó ti òkun Kútọnú. Ìdáhùn rẹ̀ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo rí i kà: ó ju tiwa lọ. Oòrùn ń fa omi Mẹditaréníà lọ sókè ju èyí tí òjò àti odò ń dá padà sínú rẹ̀ lọ. Òkun Àtìláńtíìkì, èyí tó ń lu etíkun wa, ló ń dí àlàfo náà. Ó ń wọlé ní Gibraltar, níbi tóóró kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 14. Nínú lítà kan omi Mẹditaréníà, iyọ̀ a máa tó gíráàmù 38. Nínú omi òkun yòókù, ó jẹ́ nǹkan bí 35. Ìyá Ẹlẹ́ja ní òun mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ a wọ inú ọ̀sà wa. Nígbà tí omi bá kún, iyọ̀ a lọ. Ẹja tó ń dé inú agbọ̀n a sì yí padà pẹ̀lú rẹ̀. “Bí mo bá rí ẹja tí wọ́n gbé wá láàárọ̀,” ó ní, “mo mọ irú omi tó wà lọ́sà.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbóná ni ibi ẹṣin òkun. Ẹja kékeré ni, kò gùn tó ọwọ́. Orí rẹ̀ dà bí orí ẹṣin, ó ń dúró ṣánṣán nínú omi, ó sì fi ìrù di koríko mú. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń ya gbogbo wọn lẹ́nu ni pé akọ ló ń lóyún. Abo a fi ẹyin sínú àpò tó wà níkùn akọ, akọ a sì gbé wọn kiri títí wọn yóò fi di ọmọ. Èmi náà ń fi ìyanu kà á sókè. Ìyá Ẹlẹ́ja wò mí bí ẹni wo ọmọdé.

“Èyí ni wọ́n ń pariwo lé? Èpìyà ọ̀sà wa ńkọ́? Akọ rẹ̀ ló ń kó ẹyin sẹ́nu.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé akọ ni, Ìyá?”

“Ọwọ́ mi ló ń la ẹja láti ìgbà tí n kò tíì ní ọkọ. Èyí tí mo bá bá ẹyin lẹ́nu rẹ̀, n kì í bá ilé ẹyin níkùn rẹ̀.”

Mo tijú díẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ èpìyà náà. Nígbà tí a padà délé, mo wá a nínú ìwé. Òótọ́ ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe ẹja náà ní Sarotherodon melanotheron. Òun ló pọ̀ nínú ọ̀sà Nokoué, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé akọ rẹ̀ ló ń kó ẹyin sẹ́nu títí ọmọ yóò fi jáde.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ìyanu tí àwọn ènìyàn wọkọ̀ lọ wò ní Banyuls ní ìbátan nínú agbọ̀n ẹja wa. Kí ló wá dé tí ẹnikẹ́ni kì í dúró wo tiwa? Ìdí kan ni pé tiwọn ní àkọlé. Ẹnì kan jókòó, ó wò, ó kọ ọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara dígí. Tiwa wà nínú orí obìnrin kan tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Mo ń sọ èyí láìfi ẹnikẹ́ni bú. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ẹ má sì rò pé mo ń sọ pé ìwé kò wúlò. Ẹ gbọ́ ti ẹja mérou. Ẹja ńlá ni, ètè rẹ̀ nípọn, ara rẹ̀ dúdú rẹ́súrẹ́sú pẹ̀lú àmì funfun. Ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní abo ni gbogbo wọn ń kọ́kọ́ jẹ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí wọ́n bá ti tóbi gan-an, ni díẹ̀ nínú wọn ń di akọ. Ẹja kan ṣoṣo tí a là kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Àfi kí ènìyàn wo ọ̀pọ̀ wọn, kékeré àti ńlá, kí ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ó dára, mo fẹ́ máa lọ. Ìyá Ẹlẹ́ja dì mí lápá mú.

“Dúró. Bí akọ bá jẹ́ àwọn ńláńlá nìkan, ẹni tó bá ń pa ẹja ńlá nìkan ti pa gbogbo ọkọ wọn tán.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn tó ń wẹ̀ lọ sísàlẹ̀ omi pẹ̀lú ìbọn ọ̀kọ̀ pa àwọn mérou ńláńlá, nítorí pé àwọn ló wuyì láti gbé sókè fún àwòrán. Ẹja náà wá ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún 1974, wọ́n ya hẹ́kítà 650 sọ́tọ̀ nínú òkun láàárín Banyuls àti Cerbère, wọ́n sì fi òfin dè é. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja rárá. Ní ọdún 1993, òfin tún dé pé kí wọ́n má ṣe fi ìbọn ọ̀kọ̀ pa mérou mọ́ ní etíkun Faransé ti apá ibẹ̀. Ẹja náà ti ń padà. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń yin òfin kíákíá, ṣùgbọ́n eléyìí ṣiṣẹ́.

Koríko kan náà wà tí wọ́n ń pè ní posidonie. Ó ní gbòǹgbò, ó ní òdòdó, ó sì ń so èso lábẹ́ omi. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí. Ìyá Ẹlẹ́ja ní: “Akaja ni!” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé akaja tiwa náà, igi tí a rì mọ́ inú ọ̀sà, ni ẹja ń sá sí. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló ń gé igi akaja, igi náà ń jẹrà, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń sọ omi di ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyẹn pọ̀, a óò sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Koríko tiwọn ń hù fúnra rẹ̀, ó sì ń lọ́ra: sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ni ó ń fi tàn kálẹ̀ lọ́dún kan. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ àwọn tó wá sinmi lè fà á tu láàárín ìṣẹ́jú kan. Láti ọdún 1988 ni òfin Faransé ti dáàbò bò ó.

Ẹnì kan nínú yín yóò sọ pé: “Ṣé ó tọ́ kí a há ẹja mọ́ inú dígí nítorí àwọn tó ń sinmi?” Ìbéèrè gidi ni. Kò rọrùn fún mi láti wo mérou tó ń yí po níbi kan náà. Fún àwọn dọ́fínì tí wọ́n ń kọ́ ní eré, n kò fara mọ́ ọn rárá. Òfin kan tí ilẹ̀ Faransé ṣe ní ọdún 2021 sì ní kí irú eré bẹ́ẹ̀ dópin. Ní ti àwọn ẹja kéékèèké, mo gbà á, bí àkọlé bá wà, bí omi bá mọ́, tí àwọn tó ni ilé náà sì ń kọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n lásán ni. Ìyá Ẹlẹ́ja kò gbà pẹ̀lú mi. Ó ní ẹja tí a kò ní jẹ, kí a fi í sílẹ̀ sínú omi rẹ̀.

Nígbà tí a ń padà lọ nínú ọkọ̀ ojú irin, mo yọ ìwé àjákọ mi. Mo ní: “Ìyá, ẹ ka orúkọ àwọn ẹja ọ̀sà fún mi, àti ohun tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan.” Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dé orúkọ kẹwàá, ó fọwọ́ kan ìwé náà, ó ní kí n ka èyí tí mo kọ síbẹ̀ fún òun. Mo kà á. Ó mi orí, ó ní: “Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é lọ́jà wa. Àwọn tó ń gbé e wá láti Aguégués kì í pè é bẹ́ẹ̀.” Ó sọ orúkọ tiwọn.

Mo kọ méjèèjì. Orúkọ 19 ni a kọ kí ọkọ̀ tó dé Perpignan, ó sì ní òun kò tíì dé ìdajì.